Ọmọléèwé Tó Gbé Kámẹ́rà Kọ́rùn

    Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa nínú yàrá, tí iná ti lọ, tí ẹ ń ṣọ́ bátìrì lójú, ẹ kú ìfaradà. Tiyín gan-an la mú wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó o. Kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ya ara rẹ̀ níwájú dígí. Fọ́tò ìròyìn ni, èyí tí ènìyàn rí lójú ìwé ìròyìn, tó ní "Háà!" kó tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ta ló ń yà á? Níbo lẹni náà ti kọ́ ọ? Ṣé ọjọ́ tí ogun bẹ́ ló kọ́ bí a ṣe ń ya ogun ni? Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn, inú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìdíje bọ́ọ̀lù, ibi ìpàdé tí kò dùn, inú ọjà, ibi ìgboyè jáde. Ohun tí ètò yìí fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ: iṣẹ́ kéékèèké, tí ọ̀kan kò jọ èkejì, ló ń la ojú ayàwòrán. Ẹ di ìyẹn mú. A ó máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Amẹ́ríkà ná, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọdún 1970 ni. Fásitì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kent State. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní fásitì náà, John Filo lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ fọ́tò ló ń kọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tún ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá tí fásitì ti ń fọ fíìmù.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí oṣù Karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Filo kò sí nínú ọgbà. Ó ti gbé kámẹ́rà wọ igbó lọ. Kí ló lọ yà nínú igbó? Ewé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ewé. Ó ń kó fọ́tò jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá, ewé kéékèèké ló sì ń dọ̀bálẹ̀ yà.

Ìgbà tó máa fi padà dé, ìlú ti dàrú. Ààrẹ Nixon ti kéde pé ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti wọ ilẹ̀ Cambodia. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Iná ti jó ilé àwọn ológun kan nínú ọgbà fásitì, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ sì ti rọ́ wọlé tìbọn-tìbọn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ọmọkùnrin wa wà nínú igbó, ó ń bá ewé ṣeré. Ó dùn ún wọra. Ó gbà pé ìròyìn tó tóbi jù lọ nílé-ìwé òun ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Àṣé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù náà, lọ́sàn-án gangan, ó gbé kámẹ́rà jáde lásìkò tó yẹ kó lọ jẹun. Èrò pọ̀ lórí pápá. Ìbọn dún. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá lọ. Filo rò pé ìbọn asán ni, èyí tí kò ní ọta nínú, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Ọta kan lu ère irin tó wà nítòsí, ó tún bu èèpo igi. Ìgbà yẹn ló yé e.

Ó fẹ́ sá. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè náà lọ kó tó dúró, tó bi ara rẹ̀ léèrè pé, níbo gan-an lòun ń lọ? Ṣé kì í ṣe nítorí irú èyí lòun ṣe gbé kámẹ́rà kọ́rùn? Ó padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Jeffrey Miller, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, ti sùn gbalaja lórí títì. Ọmọdébìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré, tí kì í tilẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, kúnlẹ̀ tì í. Fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà Filo kò tó nǹkan mọ́. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé à ń ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò, ká tó wá máa ṣà. Ó ń wo ọmọbìnrin náà. Ó rí i pé ẹkún ń ru bọ̀ láti inú rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà na apá méjèèjì síta, ó figbe ta. Filo tẹ̀ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló kú lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́sàn-án fara gbọta. Filo bẹ̀rù pé wọn yóò gba fíìmù náà lọ́wọ́ òun. Ó wọ ọkọ̀, ó wà á jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, ó di ìlú Tarentum ní Pennsylvania, níbi ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kékeré kan tó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni àjọ akóròyìnjọ Associated Press ti gbà á, tí gbogbo ayé fi rí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1971, wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹ̀bùn Pulitzer. Ẹ̀bùn tí àwọn àgbà akọ̀ròyìn ń fi gbogbo ayé wọn lé nìyẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ìbéèrè wá nìyí. Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní sùúrù? Nígbà tí àwọn ènìyàn ń sá, tí ọkàn tirẹ̀ náà ń já, ta ló sọ fún un pé kó ṣọ́ ojú ọmọbìnrin náà títí igbe yóò fi jáde? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ewé ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ nínú igbó, tó ń retí kí oòrùn yí díẹ̀ lára ewé kó tó tẹ kámẹ́rà, ẹni náà ti mọ bí a ṣe ń retí. Ẹni tó sì ti fọ fíìmù àwọn ẹlòmíràn tí kò níye ti rí gbogbo àṣìṣe tí ọwọ́ ń ṣe. Èrò ti ètò yìí nìyẹn, kí olúkúlùkù gbé e yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ìròyìn là ń sọ. A ní iṣẹ́ kéékèèké ló ń la ojú ayàwòrán. Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé báyìí.

Ní Fásitì Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn inú ọgbà ti wà tipẹ́. Ó wà ní Ifẹ̀ náà. Kí fóònù tó gbòde, orí pátákó ni wọ́n ń lẹ ìròyìn mọ́ ní àwọn ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ènìyàn a sì dúró, wọn a máa kà á, wọn a máa jiyàn. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n olóòtú ṣì wà, akẹ́kọ̀ọ́ náà ni, olóòtú a sì máa pín iṣẹ́. "Ìwọ, lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwọ, bọ́ọ̀lù wà nírọ̀lẹ́. Ìwọ, lọ sí ọjà Bódìjà, wọ́n ní tòmátò ti wọ́n sí i."

Èwo ni gbogbo wọn ń sá fún? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọkùnrin kan dúró sẹ́yìn gbohùngbohùn. Omi inú ike wà lórí tábìlì. Àwọn àgbà jókòó níwájú, àwọn kan ti ń tòògbé. Kí ni ènìyàn fẹ́ yà níbẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ inú gbọ̀ngàn kò tó. Bí ojú kámẹ́rà bá pẹ́ kó tó padé, ọwọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń jù á di èéfín nínú fọ́tò. Bó bá sì yára padé jù, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ́ bí a ṣe ń dá kámẹ́rà lẹ́jọ́ láàárín méjèèjì, tí kò ní tan fláàṣì sí olùbánisọ̀rọ̀ lójú. Ó tún ní láti rìn láìdí ẹnikẹ́ni lójú. Ó ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ló máa mọ̀ pé ẹ̀rín ń bọ̀, tàbí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ na ìka sókè. Àti pé ta ló sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ìròyìn? Ìyá rẹ̀ tó wá láti abúlé, tó jókòó síwájú, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ńlá, ṣé ìyẹn kì í ṣe fọ́tò ni?

Ẹni tó bá lè mú fọ́tò gidi jáde nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn ti ń tòògbé, ibo ni yóò dé tí kò ní rí nǹkan yà?

Bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Lórí pápá, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú wàì, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹsẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù má baà di òjìji. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í dúró lágbede méjì pápá bí ẹni tó wá wòran. Ẹ̀gbẹ́ góòlù ni wọ́n ń jókòó sí, kí ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù lè kọ sí wọn. Ohun kan sì wà tí kò sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn tó pápá: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí góòlù náà kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Ìwo ejìká ni, ìwo ẹsẹ̀ ni, bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn tí góòlù bá wọlé, tí gbogbo kámẹ́rà kọjú sí ẹni tó gbá a sílé, ọmọ tó gbọ́n á yíjú sí adè-góòlù tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí Filo. Tẹ̀ ẹ́ kí igbe tó tán. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ọjà ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa tó wà ní Bódìjà, ẹ bá wa dá sí i. Ọmọ kékeré kan yọ sí yín, ó gbé kámẹ́rà dúdú sójú, kò kí yín. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ni? Ṣé ẹ fẹ́ wá fi owó kún owó ìsọ̀ wa ni? Èló lẹ máa ta fọ́tò mi?"

Ìyá náà kò jẹ̀bi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, tó ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá, ẹ kú oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni mí. Ìròyìn ọ̀wọ́n tòmátò ni mo wá ṣe," ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn tirẹ̀. Màmá á ní, "Háà, ọmọ mi, wá jókòó." Lẹ́yìn náà á ní, "Dúró ná, jẹ́ kí n tún gèlè mi wé." Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé nígbà tí Màmá bá tún gèlè wé tán, ó ti dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìdánimọ̀. Ọmọ náà á yà á, á dúpẹ́, á fi hàn án. Kò ní tíì lọ o. Á jókòó. Á máa bá a sọ̀rọ̀. Títí oníbàárà á fi dé, tí ìnájà á bẹ̀rẹ̀, tí Màmá á gbàgbé pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Fọ́tò ìròyìn wá dé.

Ó sì yẹ ká sọ èyí, bó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń fi kámẹ́rà jẹun lóde ọwáńbẹ̀. A kò bú wọn, owó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jáde. Òde àríyá ń kọ́ni ní kíákíá. Ó ń kọ́ni láti ya aláwọ̀ dúdú tó wọ aṣọ funfun lábẹ́ iná aláwọ̀ méje, kí ojú rẹ̀ sì hàn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni ní ìwà kan tí kò gbọ́dọ̀ wọnú ìròyìn. "Ẹ sún mọ́ ara yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ibí. Ẹ gbé ife sókè." Níbi àríyá, oníkámẹ́rà ló ń pàṣẹ. Nínú ìròyìn, kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní kí olùfẹ̀hónúhàn tún ọwọ́ nà sókè nítorí pé òun kò tètè yà á, irọ́ ló yà yẹn, bó ti wù kó dára tó. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa pàṣẹ ní láti tún ara rẹ̀ kọ́. Ó nira o. Àwọn kan kò bọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ dúró tì wá, ẹ̀yin olùgbọ́. Iṣẹ́ kéékèèké, oríṣiríṣi, ló ń la ojú. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ohun tí gbọ̀ngàn kọ́ni, pápá kò lè kọ́ni? Ohun tí pápá kọ́ni, ọjà kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kó rántí Abúlé Ẹ̀gbá l'Ékòó. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, ọdún 2006. Wọ́n ti lu páìpù epo, àwọn ènìyàn ń gbọ́n epo, iná sọ. Ẹ̀mí tó ṣòfò kò kéré. Akíntúndé Akínlẹ́yẹ, ayàwòrán tó ń bá ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀. Iná ń jó, èéfín bo ojú ọ̀run, òkú sùn. Kí ni oníkámẹ́rà máa kọjú sí? Nínú gbogbo ohun tó rí, fọ́tò tó sọ ọ́ di ẹni àgbáyé ni ti ọkùnrin kan tó ń fi omi ṣan èérí èéfín kúrò lójú. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn World Press Photo, lọ́dún 2007.

Ẹ wò ó dáadáa. Ènìyàn kan ń bọ́jú. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe láràárọ̀. Ẹni tó bá ń rìn kiri àdúgbò lójoojúmọ́, tó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń bọ́jú, bí wọ́n ṣe ń pọnmi, bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, òun ló máa rí ọkùnrin yẹn láàárín iná. Ẹni tí kò yà ju ohun ńlá lọ, iná nìkan ló máa rí.

Ní Ìbàdàn wa níbí náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni. Léraléra ló kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn, pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́ fọ́tò. Ní 1954, wọ́n gbà á. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Kò kọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀, ó dé tẹlifíṣọ̀n WNTV, ó tún bá ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí, ẹ̀gbẹ́ orí, onílé gogoro, abẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó yà á títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Àwọn òyìnbó ń gbé e kọ́ ògiri ní ilé àṣà wọn títí di òní. Ẹ̀yin onídìrí tí ẹ ń gbọ́ wa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá yín ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Peter Magubane ti South Africa náà, awakọ̀ ni nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Drum, kó tó wọ yàrá òkùnkùn, kó tó gba kámẹ́rà. Nígbà tó yá, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò fẹ́ kí wọ́n ya ẹjọ́ àwọn obìnrin ní Zeerust, ó gbẹ́ inú búrẹ́dì, ó ki kámẹ́rà síbẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń jẹun. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dán ìyẹn wò ní kóòtù wa o! Kóòtù ní òfin tirẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ kó tó yọ kámẹ́rà.

Ìwọ́de ńkọ́? Ó ń wáyé nínú ọgbà, nítorí owó ilé-ìwé, nítorí iná, nítorí omi. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ oníkámẹ́rà ló ń fẹ́ ya ìwọ́de. Ibẹ̀ ni wọ́n rò pé orúkọ wà. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ òtítọ́. Kí wọ́n má ṣe dá lọ. Kí wọ́n wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde kí wọ́n tó wọlé. Kí wọ́n má dúró sáàárín ọlọ́pàá àti èrò, nítorí pé tajútajú kì í bèèrè káàdì ìdánimọ̀. Kí omi wà nínú àpò, kí bàtà dì mọ́ ẹsẹ̀. Bí fọ́tò bá ti wọlé, kí wọ́n tètè fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Filo fi ọkọ̀ gbé tirẹ̀ sá lọ. Ọ̀dọ́ òde òní, fóònù ti tó.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa rí gbogbo oríṣiríṣi iṣẹ́ yìí ṣe? Ní Fásitì Missouri ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn wọn ṣí ní 1908 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ìwé ìròyìn gidi jáde fún gbogbo ìlú. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, iná tó jó ilé, bọ́ọ̀lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kò ní irú ìyẹn. Kámẹ́rà ẹyọ kan, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ó. Ṣùgbọ́n fóònù wà lápò. Òpópónà wà níta. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, bẹ́ẹ̀ la ń rí àwọn ọmọ olówó tí wọ́n ní kámẹ́rà tó ju ti ọ̀gá wọn lọ, tí fọ́tò wọn sì tutù bí ẹ̀kọ àná. Àkísà ni ìṣòro wọn.

Ìjẹ̀bú-Òde ló sún mọ́ wa, níbi ọdún Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Lọ́dún 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá ńlá lẹ́nu, gba gbogbo ayé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kámẹ́rà pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló lè wọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ya ẹṣin tó ń sáré, eruku tó ń bò lẹ́ǹsì, oòrùn tó ń ràn lórí aṣọ, láàárín èrò tó ń ti ara wọn? Owó ọkọ̀ nìkan ni.

Ó ku ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ìwé kíkọ ni. Fọ́tò tí kò ní orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìròyìn kọ́ nìyẹn. Ta ni? Níbo ni? Nígbà wo? Kí ló ń ṣe? Ọdún mélòó ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ya fọ́tò dáadáa, wọn a padà dé ọ̀dọ̀ olóòtú, wọn a ní, "Obìnrin kan ni." Obìnrin kan wo? Ó yẹ kí olóòtú dá wọn padà sọ́jà lójú ẹsẹ̀.

Ìdí sì wà fún un. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin inú fọ́tò Kent State. Mary Ann Vecchio lorúkọ rẹ̀. Ó ti sá kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Florida, kò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa mọ òun. Fọ́tò yẹn tú u fó. Wọ́n bú u, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀ pàápàá sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Filo gba ẹ̀bùn, ọmọbìnrin náà gba ìyà. Ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1995 ni wọ́n tó fojú kanra, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú ẹ̀dà fọ́tò náà tí àwọn ìwé kan tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ẹnì kan ti nu òpó ọgbà tó yọ lẹ́yìn orí ọmọbìnrin náà kúrò, kí ó lè gún régé. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Òpó yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní ohun èlò tó ń pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù yín, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ̀yin òbí ńkọ́, bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí oníkámẹ́rà ṣe? Ẹ pè wá, ẹ sọ fún wa. Ìlà fóònù máa ṣí lẹ́yìn orin.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ, Màmá Bódìjà ń bèèrè fọ́tò rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀, ìyá ọjà, awakọ̀, adè-góòlù. "Ẹ ya fọ́tò mi lọ, mi ò rí yín mọ́." Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹyọ kan, ẹ gbé e lọ fún un. Lọ́jọ́ tí tòmátò bá tún wọ́n, tí ẹ tún nílò láti wọ ọjà náà, Màmá ló máa pariwo fún àwọn tó kù pé ọmọ òun ni, kí wọ́n jẹ́ kó yà á.